Àpótí Ńlá Tí Ọ̀gá Wáyà Gbé Wálé

Ká má parọ́, àpótí náà dùn ún wò. Súìṣì ni. Kì í ṣe èyí tá a fi ń tan iná o; èyí jẹ́ àpótí onírin pẹlẹbẹ, ihò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹ̀, tí wọ́n ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó lọ sí ilé tuntun ló tà á ní gbàǹjo, Ẹ̀gbọ́n sì gbé e wálé bí ẹni gbé ìyàwó. Iṣẹ́ wáyà fífà ló ń ṣe, Ọ̀gá Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ta ni kò ní í gbà á gbọ́? Ó yọ ráútà kékeré tó ń bá wọn gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé tẹ́lẹ̀, ó ní kí súìṣì máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ ti ráútà. Fáànù inú àpótí wá ń kùn ní pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin, tó ń yàwòrán ilé, ló ń jìyà ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló fi ṣe ọ́fíìsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fi àwòrán ilé ìwòsàn han àwọn ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kọ́ ọ, lórí fídíò, àfi gbagidi tí gbogbo ẹ̀ dúró. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ lójú wọn bí ẹja. Alága ní kó padà wá lọ́sàn-án òní. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Ẹ̀rù ò bà á. Ó ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n, tó rán an níwèé, pé àpótí tó fi ń yangàn ló ń dá ilé lágara? Àmúkùrù tó bà lé àgbà lára lábẹ́ aṣọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa á.

Láàárọ̀, ó bá Ẹ̀gbọ́n lórí ìkúnlẹ̀, ó ń pààrọ̀ wáyà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Eku ló jẹ wáyà."

Ìyàwó ẹ̀ tó ń lọ aṣọ nítòsí ò gbójú sókè. "Àná, ẹ ní òjò ni. Ìjẹta, ẹ ní aládùúgbò ni. Ẹ jẹ́ kí eku náà sọ tẹnu ẹ̀."

"Máa lọ aṣọ ẹ, jàre."

Àbúrò kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wọn bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá sí. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi kà á."

Ó ki wáyà láptọ́ọ̀pù ẹ̀ bọ módẹ́ẹ̀mù gan-an, ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé láti ìta, kò gba ọ̀dọ̀ súìṣì rárá. Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn íńtánẹ́ẹ̀tì lójú láptọ́ọ̀pù fò sókè fìrì.

"Ó pé," Ẹ̀gbọ́n ní, bí ẹni tí ò dùn mọ́ nínú. "Àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ò yàn wá jẹ."

Àbúrò wá ki wáyà náà bọ súìṣì. Abẹ́rẹ́ ń gòkè bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn, kò sì tíì rìn jìnnà tó fi jókòó.

"Àbí ó ń ṣàìsàn ni?" àbúrò béèrè. Ó ki kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n náà bọ súìṣì, ó fi fáìlì gàgàrà kan ránṣẹ́ láti orí tiẹ̀ sórí tọ̀hún. Kí Ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti dé.

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn. "Mo ti ń sọ ọ́. Ara ẹ̀ le koko."

"Ó le, sà. Láàárín ilé, kò lẹ́gbẹ́. Ìta nìkan ló ń dà á láàmú. Kí ló wá ń ṣe fún ti ìta tí kì í ṣe fún ti inú ilé?"

Ìbéèrè yẹn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ṣí ojú ewé tí súìṣì ti ń ròyìn ara ẹ̀, ó ní kí àbúrò máa fa fáìlì láti ìta. Ó sún awò ojú ẹ̀ sókè, ó wò ó.

"Ọpọlọ ẹ̀ ti kún dẹ́nu," ó ní. "Láàárín ilé, láti ihò kan ló ń jù ú síhò kejì, kò ní í ronú. Àmọ́ gbogbo ohun tó ń jáde, tó ń wọlé, ó gbọ́dọ̀ dá a dúró kó pààrọ̀ àdírẹ́sì ẹ̀. Ọpọlọ bíńtín ló sì ń fi ṣe é. A mú eléré ìje, a fi ṣe akọ̀wé ẹnu ọ̀nà."

"Ta ló fi í ṣe é?" ìyàwó béèrè.

"Ṣé a ò ti máa tún un ṣe báyìí?"

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù jókòó, ó wọ yàrá, ó gbé ráútà kékeré jáde nínú gèlè tó fi wé e. "Ẹ ní kí n jù ú nù. Mo gbọ́ o."

Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó wo súìṣì ẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. "Ṣé kò ní í dà bíi pé a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?"

"Iṣẹ́ tá a rán ni là ń jẹ́, sà. Ráútà á máa ṣẹnu ọ̀nà, tiyín á máa pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Láìsí i, kò lè dé yàrá mi."

Ẹ̀gbọ́n gbà. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gba iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kúrò lọ́rùn súìṣì, ó fi ráútà síwájú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ fò sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án, lórí fídíò, àbúrò mú àwọn ìgbìmọ̀ rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí kò tíì sí. Ilẹ̀kùn ń ṣí, wíńdò ń tàn. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wọn ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ há jù fún bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò fẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Alága yọ pẹ́ẹ̀nì lẹ́nu.

"Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

"Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn tí mo fẹ̀ yẹn, sà? Mo ti bẹ̀rẹ̀."

Alága rẹ́rìn-ín, ó ní kó fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Bí àbúrò ṣe pa fídíò, ó gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n ní pálọ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Rárá o, èmi ni mo rí i. Mo kàn wò ó báyìí, mo mọ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó yọjú. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ gbà á gbọ́," ó pariwo sí ẹni tó wà lórí fóònù, ó sì lọ kọ ìwé àdéhùn ẹ̀.