Dísìkì Tí Àbúrò Mi Kò Dá Padà

Èmi kì í tètè fọkàn tán ènìyàn. Fọ́tò ni mò ń yà jẹun, ojú mi sì ti rí bí àwọn ẹbí ṣe ń dìrọ̀ mọ́ra wọn níwájú kámẹ́rà, tí wọ́n á yínmú síra wọn bí mo bá ti kẹ̀yìn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi dákú pẹ̀lú fọ́tò tó tó ọ̀kẹ́ méjì, n kò janpata. Ẹ̀dà méjì ni mo ní. Ọ̀kan wà nínú dísìkì tó wà lórí tábìlì mi, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń sọ dọ̀tun lójoojúmọ́. Èkejì wà nílé àbúrò mi ọkùnrin, kí iná má baà jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Oníkọ̀ǹpútà tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe kó ti orí tábìlì sínú ẹ̀rọ tuntun. Fọ́tò àwọn oníbàárà pé pérépéré. Ti màmá wa nìkan ni kò sí: gbogbo fọ́tò ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, tí wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú súwẹ́tà mi lọ́rùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìléyín. Kò sí fọ́tò ọdún náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àbúrò mi ni ọkàn mi lọ bá. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ mi fún odindi wákàtí kan. Láti ìgbà náà, mo ti ń sọ pé kó gbé dísìkì ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kí n sọ ọ́ dọ̀tun, àwáwí ló sì ń ṣe. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Mo pè é, mo sì pè é lólè. Ó kàn ní òun ń bọ̀.

Kó tó dé, oníkọ̀ǹpútà ti yẹ àkọsílẹ̀ inú dísìkì wò. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe ní ọjọ́ báyìí, ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú. Mo rántí. Bí mo bá ti ṣí ẹ̀rọ, màmá wa ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, n kò sì lè gbà á mọ́ra. Mo pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo ní wọ́n ṣáà wà nínú dísìkì.

Ó ní, “Àǹtí, dísìkì yẹn kì í ṣe àpótí, dígí ni. Ohun tó bá kúrò níwájú dígí ti kúrò nínú ẹ̀ nìyẹn.”

Àbúrò mi wọlé pẹ̀lú dísìkì tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé. A so ó mọ́ ẹ̀rọ, màmá wa sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n kò lè wojú àbúrò mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá wọn lórí ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí wọn. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ rí wọn mọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá gbé èyí wá, ẹ máa pa á rẹ́.”

N kò rí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Oníkọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà mìíràn fún mi, mo sì fi táwẹ́ẹ̀lì wé ti àbúrò mi padà. Mo ní kó máa gbé e lọ sílé, kó má sì gbé e fún mi mọ́, bí mo bá tilẹ̀ sunkún bẹ̀ ẹ́.