Ọwọ́ Bàbá Tún Gé Páìpù

Láti ìgbà tí ọwọ́ bàbá oníṣẹ́ omi ti ń gbọ̀n ni kò ti mú ayùn mọ́, torí gbogbo páìpù tó bá gé ló ń wọ́. Nígbà tí páìpù bàbà ilé ìdáná wọn jò, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, dá omi dúró, ó sì gbé irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń gé páìpù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa gé e, Bàbá."

"Ọwọ́ yìí náà?"

"Ọwọ́ yẹn náà ni. Ẹ wò ó, fúnra rẹ̀ ló gbá páìpù mú. Kẹ̀kẹ́ róbótó tó mú bí abẹ yìí ló ń gé e, àwọn róólà tó kọjú sí i ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Ẹ yí i po páìpù, kẹ́ ẹ wá yí kókó ìdí rẹ̀ kó lè fún mọ́ páìpù díẹ̀. Ẹ má fún un jù, kí páìpù má baà tẹ̀."

Bàbá yí i. Ọwọ́ ń gbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ kẹ̀kẹ́ kò kúrò lójú ìlà tó ń gé. Ó fún un díẹ̀, ó tún yí i, títí páìpù fi já. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu páìpù náà wò: ó gún régé.

"Ìyá ẹ dà?" Bàbá pariwo tẹ̀ríntẹ̀rín. "Pè é kíá, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i!"