Màmá Di Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

"Ṣé ìwọ ni òbí mi?"

Màmá ló bi ọmọ wọn léèrè bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, lọ́sàn-án gangan, lójú ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n na fóònù sí i débi pé díẹ̀ ló kù kó kàn án nímú. Ọkùnrin apòògùn tó ń wa ọkọ̀ náà gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí kò yẹ kó ti gbé e, ọkọ̀ fò sókè, ó sì kú.

Àǹtí Bíréèkì ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọmọ Màmá yìí, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni ní bíréèkì kejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ náà kì í sì í sinmi. Kó o tó rí kòtò, ó ti dá ọkọ̀ dúró fún ẹ. Àwọn tó ti kọ́ ò lóǹkà, ekukáká lo sì fi máa rí ẹni tó fìdí rẹmi níbi ìdánwò nínú wọn. Àléébù kan tó ní ni pé bó bá délé, ó máa ń gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń lọ ló nílò bíréèkì òun.

"Ẹ káàsán, Mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìbéèrè ni mo bi ẹ́. Ka ohun tó wà lójú fóònù yẹn."

Kò pọn dandan kó kà á, ó mọ̀ ọ́n. Ohun kan náà ló máa ń jáde lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ obìnrin lálaalẹ́: "Aago mẹ́jọ ti lù, àkókò oorun ti tó, ọmọ dáadáa. Bó o bá fẹ́ àfikún àkókò, béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ òbí sí, orúkọ Àǹtí Bíréèkì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Apòògùn na ọrùn, ó kà á tán, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni.

Màmá wá wọlé sínú ọkọ̀, wọ́n sì rojọ́ wọn. Aránṣọ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí aṣọ tó lè fi ọwọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ní aṣọ gígé nírọ̀lẹ́, lórí fóònù, tí wọ́n á máa ríra wọn lójúkojú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wà. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó fi yangàn. Lálẹ́ àná ni wọ́n ti ya kọ́là sórí aṣọ, wọ́n ti ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ọwọ́ àwọn dáadáa torí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ti máa ń bà á jẹ́. Ibẹ̀ ni fóònù ti ní kí wọ́n lọ sùn.

"Àwọn kan rò pé mo ti kú," Màmá wí. "Àwọn tó mọ̀ pé mi ò kú ní mo ti dàgbà jù, àwọn á wá olùkọ́ tó ṣì kéré. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá lálẹ́ òní. Bó bá tún já, ó parí nìyẹn."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó rán Àǹtí Bíréèkì níṣẹ́. Òun ló ń sanwó oṣooṣù fún gbogbo ẹbí: fíìmù, orin, àti ibi tí wọ́n ń kó àwòrán pa mọ́ sí. Àgbà márùn-ún péré ni ilé-iṣẹ́ tó ń tà á gbà nínú ìdílé kan, àmọ́ ọmọdé ò níye. Àyè àgbà sì ti kún. Òun wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ onígbàjámọ̀, àti omidan kan tí onígbàjámọ̀ fẹ́ fi ṣaya tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n omidan ṣì ń wo fíìmù wọn. Kò sẹ́ni tó lójú àtiyọ ọ́.

Màmá ní tiwọn ń tẹ gbogbo ohun tó bá ti ń tàn yanran lójú fóònù. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ, tí wọ́n sì ń múra àtilọ gbà á. Àyà Àǹtí Bíréèkì já. Ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó fi Màmá sáàárín àwọn ọmọdé, ọjọ́ ìbí ọmọ tirẹ̀ ló sì kọ síbẹ̀ torí pé òun ló sún mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ṣe di ìbejì nìyẹn. Látìgbà náà, bí Màmá bá fẹ́ gba nǹkan sórí fóònù, ìbéèrè náà á kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Màmá rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń falẹ̀.

Àǹtí Bíréèkì tọrọ gááfárà, ó ní ọ̀rọ̀ ò le rárá, òun á sún àkókò oorun náà síwájú báyìí báyìí. Ó ti ń tẹ fóònù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Màmá fọwọ́ bo ojú fóònù náà.

"N ò tọrọ àfikún àkókò. Mo ní kó o mú mi kúrò láàárín àwọn ọmọdé. Bó ò bá lè ṣe é kílẹ̀ tó ṣú, màá sọ fáwọn ọmọ yẹn pé mo ti jáwọ́. Èmi kì í kọ́ èèyàn níṣẹ́ kí n tún máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ mi." Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n tún dúró. "Ìyá ọkọ ẹ ńkọ́? Ọmọdé làwọn náà?"

"Rárá, Mà. Àgbà ni wọ́n."

"O ṣeun."

Gbogbo ọ̀sán yẹn, tọkàntọkàn ni Àǹtí Bíréèkì fi kọ́ àwọn tó kù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò tíì sí ohun tó bà jẹ́ tí òun ò lè tún ṣe, bó ṣe ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó ṣíwọ́, ilé Màmá ló gbà lọ tààrà. Tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ti wà lábẹ́ iná tí wọn ò tíì tàn, wọ́n ti lọ aṣọ tí wọ́n máa gé, wọ́n sì ti fi fóònù ti agolo bọ́tìnnì. Màmá jókòó tì í, wọ́n káwọ́ gbera. Wọn ò tíì pinnu bóyá wọ́n á tan iná náà tàbí wọ́n á kẹ́rù nílẹ̀.

Ó tẹ fóònù títí, kò já sí nǹkan kan. Ọmọdé ò lè jáde kúrò nínú ìdílé àfi tó bá dàgbà. Ó wá pe ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó dá a lóhùn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ, wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kó dàgbà lójijì, wọ́n sọ fún un pé ọmọ náà ti lé láàádọ́rin. Ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kóun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Màmá gba fóònù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ọmọ náà ni mo ní kí wọ́n fún ní fóònù."

"Òun ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yára. Wọ́n ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ Màmá, wọ́n fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà tún ọjọ́ ìbí wọn ṣe. Ìkan ṣoṣo ló kù: àyè àgbà ti kún, ẹnì kan ní láti jáde kí Màmá tó lè wọlé. Kò sẹ́ni tó nílò àròjinlẹ̀ kó tó mọ ẹni tó máa jáde. Àǹtí Bíréèkì pe onígbàjámọ̀, ó gbé ohùn fóònù sókè kí Màmá lè gbọ́, ó sì sọ fún un pé àwọn fẹ́ yọ omidan.

Orí ẹnì kan ni àbúrò rẹ̀ ń gẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Ó ní òun á fi àyè tòun sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Mo máa ń rí orin tó bá ń gbọ́," ó wí. "Bí mo bá ti rí i pé ó ń gbọ́ orin láàárọ̀, mo mọ̀ pé ara ẹ̀ yá."

Àǹtí Bíréèkì fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ráyè. Màmá ti wọ gíláàsì, wọ́n ti gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń fi ìka fa ojú ìwé ìdílé náà wálẹ̀, wọ́n sì ti kan orúkọ ara wọn. Ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ sáwọn òbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni: ohun tí ọmọ wò, ìgbà tó wò ó, bó ṣe pẹ́ tó. Gbogbo òru pátá ni fóònù Màmá fi ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́.

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń rí èyí?"

"Láti ọdún tó kọjá, Mà. Lẹ́yìn tí Bàbá papò dà. Ìdí tí mo fi fi àkókò oorun sórí fóònù yín láàárọ̀ àná nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa rí oorun sùn."

"O rí i fún odindi ọdún kan, o ò bi mí. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá." Màmá gbé fóònù náà sórí tábìlì. Wọn ò gbóhùn sókè. "Ìwọ náà tó o wà lórí fóònù, gbọ́. Ojú fèrèsé lẹ̀yin méjèèjì ti ń yọjú wo èèyàn. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn nínú yín."

Ojú ti Àǹtí Bíréèkì. Ó dùn ún wọra, torí òótọ́ ni, kò sì rí ibi tó máa gbà yí òótọ́ náà po. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ omidan, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun pè é ná, kó má lọ jẹ́ pé lójú fóònù ló ti máa rí i. Wọ́n dúró dè é, wọ́n dúró títí. Nígbà tó máa fi pè padà, ó ní omidan ò bínú, ó ní ó kí Màmá, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ju ọ̀rọ̀ fíìmù lọ, torí ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Àǹtí Bíréèkì yọ omidan, ó sì fi Màmá sáàárín àwọn àgbà. Màmá tan iná orí tábìlì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ráhùn lánàá ló kọ́kọ́ dé. Màmá ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì ṣàlàyé. Wọ́n ní kálukú gbé aṣọ tó gé lánàá sókè kí àwọn rí i, wọ́n wò ó, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti bà jẹ́ bí àwọn ṣe sọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn. Àǹtí Bíréèkì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí wọn ò ti lè rí i. Kò tíì rí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni rí látìgbà tó ti dàgbà. Màmá máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gé e kó bà jẹ́, wọ́n á wá bi í léèrè ohun tó rò pé ó fà á. Aago mẹ́jọ lù, ó kọjá. Ìkankan ò jáde nínú àwọn ọmọ yẹn.

Nígbà tí wọ́n parí, tí ẹni tó gbẹ̀yìn ti kí Màmá pé ó dàárọ̀, Àǹtí Bíréèkì dìde, ó ń bá wọn ṣa àjákù aṣọ. Ó ṣa á tán, ó tún ń ṣa ohun tí kò sí nílẹ̀.

"Màmá, kí ló ń gba oorun lójú yín?"

"Kò sóhun tó ń gbà á," Màmá wí. Wọ́n ń ká aṣọ. "Mo máa ń sùn. Bàbá yín ló máa ń hanrun, o ṣáà mọ̀. Gbogbo ọdún tá a jọ gbé, ìhanrun yẹn ni mo fi ń sùn. Nígbà tó lọ, ilé dákẹ́ jù, ìdákẹ́jẹ́ náà ló ń jí mi. Mo wá rí i pé bí mo bá jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó ṣáà ti jẹ́ ohùn ọkùnrin, ìbáà máa sọ̀rọ̀ nípa àtidáko tàbí àtikọ́lé, oorun á gbé mi lọ. N ò wò ó. N ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Lánàá ńkọ́, Mà?"

"Àná nìkan ni mi ò sùn."

Àǹtí Bíréèkì jókòó sórí àga. Ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó bá òun tọ́jú ọmọ, ọ̀dọ̀ Màmá lòun máa sùn mọ́jú, kì í sì í ṣe òní nìkan. Màmá ní àwọn kì í ṣe aláìsàn, kó máa lọ sílé ẹ̀. Bàtà ni Àǹtí Bíréèkì ń bọ́.

"Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nígbà náà," Màmá wí. "Ìwọ náà máa ń hanrun bíi bàbá ẹ."