Kámẹ́rà Tí Wọ́n Ń Kúnlẹ̀ Kí

Láńre ọkọ mi ló ra kámẹ́rà náà ní Parnell Street níhìn-ín ní ìlú òyìnbó, lọ́wọ́ ẹni tó máa ń tún fóònù ṣe. Kò tóbi ju ọsàn kékeré lọ. Kò ní wáyà, bátìrì ló ń lò, ó sì ní ẹnu bó ṣe ní ojú: ẹni tó bá ń fi wòran láti òkèèrè lè bá wa sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn lè rí Oyíndà ọmọ wa níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni. N ò rí ẹnu fi bú u lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Oyíndà àti ìyá mi ti ń dùn mí tipẹ́. Nígbà tí a lọ sílé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ náà mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ dání, ìyá mi gbà á, ó tì í mọ́ yàrá. Ó ní obìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé fóònù fún Oyíndà, "Hi, Grandma" ló máa ń sọ, á sì dá fóònù padà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ wọn dé ìpele àṣekágbá, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Mam, I want her to see me play. Just the once." Mo bẹ ìyá mi títí ó fi gbà. Ó ní òun á wò ó o, ṣùgbọ́n kí n má retí pé òun á pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wa ọkọ̀ lọ sí pápá kan ní Clonsilla. Àwa òbí ti ṣètò pé ká ṣí búùtù ọkọ̀ wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ká máa jẹun, ká máa wòran. Ìrẹsì wà nínú kúlà, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò wínníwínní náà ń ṣe tirẹ̀. Láńre kọ́kọ́ fi kámẹ́rà kọ́ ara ilẹ̀kùn búùtù tó ṣí sókè, ojú ọ̀run nìkan ni ìyá mi rí. Ó wá gbé e lé orí kúlà, ó kọ ojú rẹ̀ sí pápá, ó fi fóònù rẹ̀ fún un ní dátà, iná kékeré kan sì tàn lára rẹ̀.

"Mo ti rí yín o!" Ohùn ìyá mi jáde gbàǹgbà. "Ẹ̀yin ò sì wọ súẹ́tà!"

Oyíndà pariwo béèrè kámẹ́rà náà láti inú pápá. "Mam, is that yoke working?" Mo gbé àtàǹpàkò sókè.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó Adélékan, ọ̀kan nínú àwa òbí, wá bu ìrẹsì, ó gbọ́ ohùn àgbàlagbà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, Mà!" Ibi tí Láńre gbé kámẹ́rà sí gan-an ni orí ẹni tó bá kúnlẹ̀ máa ń dé. Ìyá mi ò rí pápá mọ́, fìlà òtútù obìnrin náà ló ń wò. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè òtútù. Kó tó dìde, ẹlòmíràn ti kúnlẹ̀. Ṣé kí n wá ní kí wọ́n má kí ìyá mi ni? Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ yọ́ kọjá, ìyá mi á gbọ́ ohùn rẹ̀, á ní, "Ta nìyẹn tí kò kí mi?"

Mo gbé kámẹ́rà náà, ó di ẹ̀yìn góòlù. N ò tíì jìnnà sí fóònù Láńre tí iná ara rẹ̀ fi kú. Mo gbé e padà tìbínútìbínú. Láńre ń jẹ mọ́ínmọ́ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Rafiat, it's grand. Bọ́ọ̀lù ṣì pọ̀ nílẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà, Oyíndà gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Gbogbo wa fò sókè. Mo wẹ̀yìn, mo rí Fúnmi, ìyá mìíràn nínú wa, àtàwọn ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kúlà, ìyá mi sì ń pariwo lẹ́yìn wọn pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Oyíndà ń wo ọ̀dọ̀ wa láti pápá, ó ń nawọ́ sí kámẹ́rà. N ò lè gbé àtàǹpàkò kankan sókè. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì dá góòlù náà padà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, rẹfirí fún àwọn ọmọ wa ní wòmí-n-gbá-sí-ọ. Oyíndà ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá Jíbọ́lá, alága ẹgbẹ́ Yorùbá wa ní Blanchardstown, dé. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà! Ọmọ mi fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù!"

Ìyá tó bí mi nìyẹn, n ò rí i rí kó kọ̀ láti jẹ́ kíkí. Bàbá Jíbọ́lá ò mọ èyí tí ì bá ṣe, ló bá kúkú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko tútù. Ọ̀nà ṣí.

Oyíndà gbá a. Aṣọ́lé fò, ó gbá a mú.

Nígbà tí wọ́n parí, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó dorí kodò níwájú kámẹ́rà. "I missed it, Grandma."

"Ó ṣojú mi kòró," ni ìyá mi wí. "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Kí ló dé tí ọmọ yẹn fi gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́? Ṣàlàyé fún mi."

Oyíndà jókòó sínú búùtù. Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ó ń fọwọ́ júwe. A kó gbogbo ẹrù tán, ṣùgbọ́n a ò lè pa búùtù dé, nítorí àwọn méjèèjì ò tíì sọ̀rọ̀ tán.