Ojú Tó Ń Wọn Màlúù

Ní ọjà màlúù ìlú Rushere, kò sẹ́ni tó ń pe Barugahare ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n ọjà bá bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé bíbàjẹ́ gan-an niṣẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Á wo akọ màlúù níwájú, á wò ó nídìí, á tutọ́ sílẹ̀, á ní, "Okòódínnírinwó kílò. Ẹ yọ méjì kúrò, kò tíì yàgbẹ́ láàárọ̀." Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣì í wọ̀n rí, màlúù náà ló sì jẹ̀bi.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pè é láti ilé-ẹ̀kọ́ pé Kembabazi ọmọ rẹ̀ dákú níbi tí wọ́n ti ń kọrin orílẹ̀-èdè, tó dé ibẹ̀, tó rí i lórí bẹ́ńṣì, ojú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró. Kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nígbà Kérésìmesì, méjìdínláàádọ́rin ni.

Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí aago tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, àti pé bó bá tún ṣubú, ó lè má dìde. Oṣù kẹta ọdún náà ni Barugahare sin ìyá tó bí i, Jenina, tí Kembabazi ń pè ní Màmá Àgbà. Koríko kò tíì hù lórí ibojì náà.

"Fóònù ló fà á, Bàbá," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí. "Àwọn ọmọ yìí ń wo àwọn ọmọbìnrin tínínrín tó ń fi èso apálá kan gbé ọjọ́ kan."

Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú. Fóònù kò ní bàbá, ẹnikẹ́ni ló lè bá a wí.

Kebirungi, àbúrò Barugahare obìnrin, ti ń dúró dè wọ́n nílé pẹ̀lú akèrègbè wàrà mẹ́ta. Ní ayé tirẹ̀, wàrà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ, títí kò fi ní lè rìn.

"Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé mi lọ ilé ọkọ," ló ń wí. "Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn kò tíì nà tán títí dòní. Gbà, mu ún!"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ilé ọkọ kọ́ ni mò ń lọ. Ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe."

"Ta ló bi ọ́? Egungun ọrùn rẹ yẹn, èèyàn lè fi kọ́ fìlà."

Kembabazi kọjú sí ògiri. Barugahare na ọwọ́. "Gbé fóònù yẹn wá. Fi àwọn ọ̀tá náà hàn mí."

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń yí ìbàdí lẹ́bàá òkun.

"Eléyìí?" ló wí. "Bí wọ́n bá fà á wọ ọjà wa, ìjọba á ti ọjà pa, wọ́n á ní àrùn ti wọlé. Èyí ńkọ́? Òun ti jẹ apálá tán, ó ku kó jẹ okùn."

Kebirungi rẹ́rìn-ín títí ó fi di akèrègbè mú. Ẹnu Kembabazi pàápàá mì díẹ̀. Orí Barugahare wú. Ó fi ìka rẹ̀, tó ki bí èèkàn, ti ojú fóònù náà. Géètì ilé rẹ̀ ló yọ.

Fídíò Kérésìmesì tó kọjá ni. Kembabazi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù pẹ̀lú àpótí ilé-ẹ̀kọ́. Ohùn Barugahare fúnra rẹ̀ ń ké: "Ẹ yà lọ́nà! Kílò méjìdínláàádọ́rin! Ìdí nìkan á bọ́ gbogbo ìjọ, àlùfáà á sì tún gbé egungun relé!" Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó di fóònù mú ń rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ẹ̀rín tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú imú. Jenina.

Ọmọ inú fóònù náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bo ìdí. Ojú tó ń rí kílò kan lára màlúù kò rí ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ náà.

"Kí lo tọ́jú èyí fún?"

"Ohùn Màmá Àgbà. Kò sí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ ẹ̀rín wọn, mo ní láti kọ́kọ́ gbọ́ kílò tiyín. Ojoojúmọ́ ni."

"Àwọn alápálá wọ̀nyí ló..."

"Wọn ò mọ̀ mí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ iye tí mo jẹ́. Àwọn kàn fi bí wọ́n ṣe ń dín in kù hàn mí ni." Ó yíjú sí i. "Kílò mélòó ni Bihogo?"

Kebirungi fọwọ́ bo ẹnu. Bihogo ni abo màlúù pupa tí agbo wọn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? A kì í wọn Bihogo. Èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ alápatà nìkan là ń..."

Ó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Mo mọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí.

Barugahare jáde. Àkókò wàrà ìrọ̀lẹ́ ti tó. Ó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bihogo, ṣùgbọ́n kò ki oríkì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó wọlé, ife wàrà kékeré kan ló mú dání. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì dúró sáàárín yàrá.

"Wọ̀n mí."

"Bàbá?"

"Wò mí níwájú, wò mí nídìí. Pariwo rẹ̀ kí àbúrò mi gbọ́."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. "Ọgọ́rùn-ún kílò," ló wí. "Ikùn ló ni ìdajì. Ẹsẹ̀ yìí kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ẹ tà á fún alájá."

Kebirungi ṣubú lu àwọn akèrègbè rẹ̀. Barugahare náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀: ó ń fa kóòtù bo ikùn.

Kembabazi rí ọwọ́ náà. Ó mú ife. Ó mu ún dé ìdajì, ó sì gbé èyí tó kù fún ológbò.

Kebirungi ya ẹnu láti sọ pé ìdajì kò tó. Barugahare wò ó, ó sì pa á dé. Ológbò náà, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí, lá tirẹ̀ tán.