Ohun Tí Marvellous Rí

Ẹni tó bá ní kí n má sọ̀rọ̀ sáwọn àgbà ìjọ wa, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu mi. Ẹja ni èmi Rèbékà ń yan tà, n kì í ṣe wòlíì, ṣùgbọ́n mo lójú.

Ilé mi ni Àńtí Mùnírátù wọ̀ sí, tíṣà tí ìjọba gbé wá láti Ìwó. Bó bá ń rìn lórí afárá pákó tí a fi ń rìn lórí omi ní ìlú wa, àfi bí ẹni ń tẹ ẹyin. Síbẹ̀ kò bẹ̀rù ènìyàn. Ní gbogbo Ọjọ́rú, lẹ́yìn ilé ìwé, ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó ń kọ́ wọn pé ọkùnrin tó ń fa ọmọbìnrin láṣọ kì í ṣeré. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kó pariwo ni, kó sì lọ sọ fún àgbàlagbà tó bá fọkàn tán. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Àńtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì lè rìn lórí pákó, ẹ fẹ́ tún ayé ṣe." Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn ọmọkùnrin tó máa ń dènà de àwọn ọmọbìnrin lórí afárá ṣíwọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ìdánwò àṣekágbá ló kù tó máa ṣe, ó sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jọọlá tó ń wa bóòtì èrò lọ sí Awoye wọ́ ọ wọ inú ahéré tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Marvellous, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló rí wọn. Ọmọ náà figbe ta! Ó ké títí àwa obìnrin fi sá jáde nídìí ẹja, Jọọlá sì bẹ́ sómi kó tó rí ohun tó fẹ́ ṣe ṣe. Ẹ̀kọ́ Àńtí Mùnírátù ló gba ọmọ mi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn ẹ̀.

Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Marvellous rántí ìyókù ẹ̀kọ́ náà, ó lọ sọ fún àgbàlagbà tó fọkàn tán. Bàbá Mátíù ni, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ. Ohun tí tíṣà kò mọ̀ ni pé ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ tó bá ti dé etí àgbà kan ti di ti gbogbo ìjọ, ìjọ ló sì máa ń parí ẹ̀. A kì í pe ara wa lẹ́jọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkùnrin tó bá fọwọ́ kan ọmọbìnrin ní kọ̀rọ̀, ìjọ á ní kó wá fẹ́ ẹ ní gbangba, kí ìtìjú lè kúrò lára ọmọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ìyá tó bí mi náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Jọọlá kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní Sàtánì ló ti òun. Ìjọ hó "Halelúyà!" Wọ́n ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jáde síwájú. Mo fò dìde, mo ní mi ò gbà.

"Rèbékà, jókòó," Bàbá Mátíù wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ọma mi, ta ni yóò fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí?"

Àńtí Mùnírátù náà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ náà lẹ fẹ́ fà á lé lọ́wọ́."

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn ọmọ máa sọ fún àgbà. Wọ́n ti sọ, a sì ti gbọ́. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Àńtí Mùnírátù rọra jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí Igbókòdá, níbi tí àgọ́ ọlọ́pàá wà. Omi nìkan ni ọ̀nà wa. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo àwọn tó ń wa bóòtì, Jọọlá sì ni akọ̀wé wọn. Wọ́n kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n ní bóòtì ti kún. Bóòtì tó ṣófo! Mo ní ká wọ ọkọ̀ tèmi, kí n máa wà á lọ. A ò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi lé wa bá, wọ́n fi okùn so ọkọ̀ mi mọ́ tiwọn, wọ́n wọ́ wa padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Ìjọ so Jọọlá àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ pọ̀ ní tọkọtaya. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò sunkún. Ó yíjú sí Marvellous láàárín àwọn akọrin, ó ní, "Ò bá má sọ." Ó dùn mí wọra, nítorí kò sí ohun tí Marvellous ṣe tí kò dáa.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bá bóòtì ọkọ rẹ̀ wá ra ẹja. Oyún ti yọ. Ojú rẹ̀ kan wú, ètè rẹ̀ bẹ́. Ó ní pákó ló gbá òun. Marvellous ń bá mi yí ẹja lórí iná. Ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja.

Nígbà tí bóòtì lọ tán, mo bi í pé, "Marvellous, ṣé o ò rí ojú ọ̀rẹ́ ẹ ni?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Mà," ló wí.