Àmín Tó Kọ́ Fúláàtì Mẹ́jọ

Àmín kan ṣoṣo ló sọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun tó wà ní Igbó-Elérin di fúláàtì mẹ́jọ, ẹnu Àríkẹ́ ni Àmín náà sì ti kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má tíì bú u. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ló fi orí ru yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ọ láti etí ọ̀sà, ìyá tó bí Àríkẹ́ sì wà lára wọn. Àríkẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìjọ fún un pé kó máa gbé, ẹnu ọ̀nà yàrá náà ló sì ti ń ta abẹ́là, tùràrí àti lọ́fínńdà fún àwọn tó ń wá gbàdúrà. Kò ní ilé míì, kò ní ọjà míì. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá lọ, Àríkẹ́ náà lọ nìyẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Dàpọ̀, ọmọ ọmọ ẹni tó dá ìjọ sílẹ̀, ti Lẹ́kí dé pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, Àríkẹ́ jáde sí i.

"Dàpọ̀, kí lò ń wọ̀n?"

"Ìdàgbàsókè ni, Mummy. A fẹ́ fún ilé yìí ní ìyè tuntun."

"Ilé náà ò tíì kú. Ta ló ní kó o wá jí i dìde?"

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olùṣọ́ Ládépọ̀, olórí ìjọ, ṣàlàyé fún wọn pé ọkàn ènìyàn ni tẹ́ńpìlì gan-an, ilé kì í ṣe nǹkan kan. Àríkẹ́ ní nínú ara rẹ̀ pé bí ilé ò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ló dé tí Olùṣọ́ ti mú fúláàtì òkè nínú mẹ́jọ tí Dàpọ̀ fẹ́ kọ́, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí? Ọ̀rọ̀ yẹn náà ti jáde. Àṣírí kì í pẹ́ nínú ìjọ tí gbogbo ènìyàn ti ń ríran.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò tíì tẹ ilẹ̀ náà. Baba tó dá ìjọ sílẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe. Wọn kì í sì í dìbò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àbá yóò fi àdúrà sọ ọ́. Bí ìjọ bá ṣe Àmín, ó dòfin, bí wọ́n bá dákẹ́, ó kú. Bí wọ́n ṣe ń yan akọ̀wé nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń mú ọjọ́ ìkórè nìyẹn.

Àríkẹ́ sì ni ọ̀gá Àmín. Ó lóhùn. Bó bá ti ké tirẹ̀, gbogbo ìjọ á tẹ̀ lé e.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wá síwájú ìjọ," ló ń sọ fún Ìbídùn, tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀. "Wọn ò ní gbọ́ Àmín lẹ́nu mi."

"Ẹ̀yin, Mọ́mì? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe Àmín fún rédíò?"

"Lọ pọnmi wá, jàre."

Olùṣọ́ kéde àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, tí ojú gbogbo wọn ti wọnú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún ìjọba. Àmín. Fún àwọn àgàn. Àmín. Ó dáná sun àwọn ọ̀tá lápá òsì, ó padà wá sun wọ́n lápá ọ̀tún. Wákàtí kan kọjá. Ọkàn Àríkẹ́ ti lọ sídìí ẹ̀wà tó gbé kaná, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Gbogbo àjẹ́ ilé baba wa, kí wọ́n ṣubú!"

"Àmín!"

"Gbogbo àwa tí à ń gba títì Badagry, kí a máa délé láyọ̀!"

"Àmín!"

"Ilẹ̀ yìí àti ilé orí rẹ̀, a fà á lé Dàpọ̀ lọ́wọ́ kó sọ ọ́ di fúláàtì mẹ́jọ, kí ẹni tó ń gbé inú ọgbà sì kó jáde kí oṣù tó parí!"

"Àmín!"

Ohùn Àríkẹ́ ló ṣíwájú. Dàpọ̀ dúró lápá kan, ó ń fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbídùn fi ìgbọ̀nwọ́ gún Àríkẹ́. "Mọ́mì! Kí lẹ ṣe Àmín sí yẹn?"

"Ṣé kì í ṣe àwọn àjẹ́ ni?"

"Àwọn àjẹ́ ti kọjá, Mọ́mì. Àwa ló kàn."

Àríkẹ́ sáré bá Olùṣọ́. Ó ní òun gba Àmín òun padà.

"Ẹ gba kí ni?" Olùṣọ́ mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú. "Ìyá, bí ẹ bá gba ọ̀kan padà, gbogbo èyí tí ẹ ti ṣe fún àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Àríkẹ́. Ó padà sẹ́yìn.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alhaji Abdulazeez lọ, alága àwọn onílé àdúgbò. Dàpọ̀ ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ, Alhaji sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù Àríkẹ́. Ìkejì, nítorí ẹ̀rín ni.

"Ìyá, ohùn yín ròkè o."

"Ebi ló ń pa mí, Alhaji."

"Ọgbọ̀n ọjọ́ làwa fi ń gbààwẹ̀. Àwa náà sì ń ṣe àmí. Ṣùgbọ́n a máa ń jẹ́ kí lèmọ́mù sọ̀rọ̀ tán." Ó dá fóònù padà. "Ẹnu yín lẹ fi fún wọn. Ẹnu tèmi ò lè gbà á."

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti pín ṣọ́ọ̀ṣì náà sí yàrá àti pálọ̀. Pẹpẹ tí ẹsẹ̀ obìnrin kì í tẹ̀ di kíṣìnnì fúláàtì kẹta. Ìyàwó ọ̀gá báńkì kan ló ń dín dòdò níbẹ̀. Olùṣọ́ wà lókè, ó ń wọ bàtà káàkiri ilé tó ti máa ń lé ènìyàn jáde nítorí bàtà. Dàpọ̀ kọ òyìnbó gbọọrọ sí géètì.

Àríkẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ó gbé abẹ́là rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti ní alábẹ́là tirẹ̀, ìyẹn ò sì fún un láyè. Ní ẹni àádọ́rin ọdún, ilé àna ló wà, ó ń dúró kí ọkọ ọmọ rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù tán ní pálọ̀ kó tó rí ibi tẹ́ ẹní sí.